Bẹ́líìtì tí kò ní ìbòrí: Ewu tó fara sin sídìí iṣẹ́ àtúnlò pàntí ní Àjàngbàdì àti agbègbè Ọ̀jọ́

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2025 tí òfin ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó de àwọn ike àti ọ̀rá àlòsọnù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ariwo àtúnlò pàntí ti gba ìgboro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé bíi 13,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ni àwọn ará Èkó ń dà nù lójoojúmọ́. Wọ́n ti kéde pé àwọn yóò ti ààtàn Olúṣósùn àti ti Solous tó wà ní Ìgàndò pa, àti pé àwọn yóò lo ilẹ̀ náà fún ibi tí wọn yóò ti máa ya pàntí sọ́tọ̀, ní àjọṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Zoomlion láti orílẹ̀-èdè Ghana. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ya pàntí sọ́tọ̀ lọ́nà ìgbàlódé, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, òun náà ni bẹ́líìtì gbọọrọ tó ń gbé ẹrù kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè ṣa ike, irin àti páálí kúrò nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lórí pàntí, ẹ̀rọ yìí ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ẹ́ dárúkọ.

Ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí kó rántí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lọ́jà. Rọ́bà dúdú kan máa ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí ọlọ. Gbogbo ìyá tó ń gbé ata lọ sídìí ẹ̀rọ ló mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọdé sún mọ́ rọ́bà náà, wọ́n sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí etí ìró bá kàn án. Bẹ́líìtì agbẹ́rù ilé-iṣẹ́ àtúnlò kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ó fẹ̀ tó ibùsùn, ó gùn bí ilé, àwọn òṣìṣẹ́ sì dúró tì í láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe orí bẹ́líìtì náà gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ irin ló wà, níwájú, lẹ́yìn, àti ní abẹ́ rẹ̀ níbi tí àwọn róólà ti ń gbé e padà. Bí ìka bá kó sí àárín bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé kì í ṣe páálí ni òun mú. Bí bẹ́líìtì bá ń sáré mítà kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọwọ́ ẹni náà ti wọlé dé ìgùnpá kí ó tó rí ẹnu pariwo, kò sì sí agbára èèyàn tó lè fà á jáde.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń fi àwọ̀n irin bo gbogbo ibi tí bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ ti pàdé. Kì í ṣe ohun tuntun. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1987 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kí onílé-iṣẹ́ ṣe ọgbà yí apá ẹ̀rọ tó bá lè ṣe èèyàn léṣe ká, kí ó sì máa tọ́jú ọgbà náà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọ̀n tí wọ́n ṣe mọ́ ẹ̀rọ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń tú jù sí ẹ̀gbẹ́ kan?

Ohun tó ń dà sílẹ̀ ló fà á. Kókó ọ̀rọ̀ gan-an nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nípa ààbò òṣìṣẹ́ kì í rí. Pàntí Èkó tutù, ó sì wúwo. Ọṣẹ́ ọbẹ̀, iyanrìn, ẹrẹ̀ àti omi ẹlẹ́rìndòdò ló kún inú ike tí wọ́n ń kó wá. Bí wọ́n bá da ẹrù sórí bẹ́líìtì ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọn kò fi rọ́bà gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì níbi tí ẹrù ti ń bọ́ sórí rẹ̀, apá kan yóò máa já bọ́ sílẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò máa da ẹrù sọ́nà ibẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kò ní bọ́ síbi tó yẹ, abẹ́ ni yóò bá bẹ́líìtì lọ, yóò sì máa kán sórí róólà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti okùn ṣákì, tí wọ́n máa ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ irin bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀ǹgbẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi há.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó ohun tó dà sílẹ̀ yìí kúrò. Ẹni náà sì nìyí, ọmọ ogún ọdún tàbí obìnrin tó ń wá owó oúnjẹ, tó mú ṣọ́bìrì tàbí ọ̀bẹ dání, tó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́líìtì nígbà tí bẹ́líìtì ṣì ń lọ. Wọn kò pa ẹ̀rọ náà, nítorí pé iye kílò tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ń sanwó lé lórí ní ọ̀pọ̀ ibi, gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ bá fi dúró, owó ló ń lọ. Wọn kò sì ní àwọ̀n irin níbẹ̀ mọ́, torí pé bó bá wà níbẹ̀, wọn yóò máa tú bóòtù mẹ́jọ ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ kí wọ́n tó lè gbálẹ̀. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe ẹ̀rọ pọ̀ níbi yìí ju ti ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ. Àwọ̀n tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìgbálẹ̀, tí kò jẹ́ kí wọ́n lè ti òde fi gírísì sí i, kò ní pẹ́ lára ẹ̀rọ.

Ti Nàìjíríà wá ní àfikún tirẹ̀. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Bí iná bá lọ lójijì tí ẹ̀rọ dákẹ́, ojú òṣìṣẹ́ á rọ̀, á ní àyè ti wà nìyí láti yọ ọ̀rá tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí iná dé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ iná ní tààrà ni, fúnra rẹ̀ ni yóò gbéra. Súwíìsì kan wà tó máa ń já nígbà tí iná bá lọ, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rọ gbéra àfi bí èèyàn bá tún tẹ̀ ẹ́. Oníná tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgádágodo. Ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀rọ yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti súwíìsì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà nínú àpò òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá. Okùn pupa kan náà tún yẹ kó wà tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni bá fà á, ẹ̀rọ á dúró. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kò sí èyí tí wọ́n ní láti lọ kọ́ ní òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àjàngbàdì, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀ ni ọjà Alábà wà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fìríìjì àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, fi hàn pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù irú ẹrù tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé lọ́dọọdún, ó sì lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ló ń gbà lọ. Bí ìjọba bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà kúrò lábẹ́ òòlù àti iná tí wọ́n ń fi sun wáyà, ẹ̀rọ tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ ni yóò rọ́pò rẹ̀, bẹ́líìtì ni yóò sì máa bọ́ ẹ̀rọ náà. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tó ń dà sílẹ̀ kì í sì í dúró sínú ọgbà. Ike tí wọ́n ti lọ̀ wẹ́wẹ́ fúyẹ́, òjò kan ṣoṣo ti tó láti gbá a wọ gọ́tà, láti gọ́tà wọ odò. Ní ọdún 2021 tí ọkọ̀ òkun X-Press Pearl jóná ní etí òkun Sri Lanka, nǹkan bíi 1,680 tọ́ọ̀nù horo ike ló dà sínú òkun, àwọn apẹja ibẹ̀ kò sì gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Eruku ńkọ́? Ní Ògijo, ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò tó jáde ní 2025 fi hàn pé òjé láti ilé-iṣẹ́ tó ń tún bátìrì mọ́tò lò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹni tó bá rò pé ìdàsílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ lásán kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ògijo.

Ta ló wá yẹ kó bójú tó o? Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn olùbẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló láṣẹ láti wọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá àjọ ààbò tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2011. LAWMA ń ṣàkóso pàntí, NESREA ń ṣọ́ àyíká. Olùṣọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi páánù ṣe ní ẹ̀yìn ilé, ta ló ń dé ibẹ̀? Owó ìtanràn tó wà nínú òfin 1987 náà jẹ́ ti ayé ìgbà tí náírà ṣì níye lórí, lónìí kò ju owó tí ilé-iṣẹ́ ń ná sórí dísù ẹ́ńjìnnì lọ. Ní 2012, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tuntun lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, kò sì di òfin. Ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògiri kọnkéré wó pa ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ Gambia àti Senegal ní ilé-iṣẹ́ àtúnlò irin kan ní ọdún 2016. Ó gba ọdún méje, ṣùgbọ́n ní 2023 ilé ẹjọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ méjì san 1.6 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìtanràn kò jí òkú, àmọ́ ó máa ń mú kí àwọn onílé-iṣẹ́ yòókù lọ wo ògiri tiwọn.

Òfin ọdún 2010 tó wà fún owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lè rí nǹkan gbà. Òfin gidi ni. Ṣùgbọ́n lébìrà tí wọ́n ń ka owó lé lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé ẹnì kan gba òun síṣẹ́ rí? Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gé, owó ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ni ọ̀gá yóò san, bó bá jẹ́ ọ̀gá tó láàánú, lẹ́yìn náà ó di kí ó máa lọ sílé.

Àkókò tí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù láti tún ṣe ni àkókò yìí gan-an, kí wọ́n tó gbé bẹ́líìtì kalẹ̀ ní Olúṣósùn àti Ìgàndò. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn, kò sẹ́ni tó máa ń rí owó rẹ̀ nígbà tó bá yá. Kí àwọ̀n irin, okùn pupa, súwíìsì tó ń já fúnra rẹ̀ àti àyè ìgbálẹ̀ wà nínú ìwé náà, kí LAWMA sì máa béèrè wọn kó tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ. Ní ti àwọn ṣẹ́ẹ̀dì kéékèèké Àjàngbàdì, wọn kò nílò láti dúró de Àbújá. Irin tí wọn yóò fi ṣe ìbòrí wà nínú kọ̀ndẹ́ẹ̀mù tí àwọn fúnra wọn ń rà lójoojúmọ́, wẹ́dà sì pọ̀ lọ rẹpẹtẹ láti Ìbà dé Òkòkòmáíkò.