Ọdún Ọ̀ṣun ń pawó, ṣùgbọ́n àpò ta ló ń wọ̀?

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, ńṣe ni ìlú Òṣogbo máa ń kún fọ́fọ́ fún ọdún Ọ̀ṣun. Àwọn àlejò ń wá láti Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn kò sì lóǹkà. Láti 2005 tí àjọ UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo àgbáyé ni òkìkí rẹ̀ ti ń kàn sí i. Kò sí àní-àní pé owó ń wọ̀lú. Àpò ta ló ń wọ̀ lọ̀rọ̀ kù sí.

Ẹni tó ti lówó tẹ́lẹ̀, tó fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ló ń rẹ́rìn-ín jù. Yàrá kì í tó lásìkò ọdún, owó rẹ̀ sì máa ń lọ sókè. Ọ̀pọ̀ bíà àti mínírà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ìlú mìíràn ni wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni èrè rẹ̀ ń padà sí.

Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín létí títì ńkọ́? Òun náà ń tajà, àmọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Bí èrò ṣe ń mú kí ata, epo àti ọkọ̀ wíwọ̀ wọ́n, àpò tirẹ̀ náà ló ti ń san án.

Ti àwọn aláró tiẹ̀ tún burú jù. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ṣe bí àdìrẹ, ti kún ọjà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àlejò tó bá ra irú rẹ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo lòun gbé lọ sílé, bẹ́ẹ̀ owó náà kò dé ìdí ìkòkò aró kankan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ya ìsọ̀ sọ́tọ̀ nítòsí igbó náà fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì máa lu òǹtẹ̀ sára ojúlówó àdìrẹ. Kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì máa ra adìẹ, ẹja àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Kí ìpín kan nínú owó tí àlejò ń san lẹ́nu ọ̀nà igbó di owó tí wọ́n á máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké.

Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí àlejò tiẹ̀ di ìlọ́po méjì, olówó ni yóò lówó sí i. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká fi itọ́ bọ́jú. Àwọn tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ bù ú mu.