“Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá, Àgbà Òṣìkà”: Kí Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Tó Sọ Pé Ẹ̀rọ Ti Kú

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú tí ó máa ń ṣe fún Windows 10. Ọjọ́ náà sọ ọ̀pọ̀ ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pẹ́ di ẹni tí ń wá díìsìkì Windows 11 tàbí ti Linux kiri. Wọ́n ki díìsìkì bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n tàn án, ṣùgbọ́n Windows àtijọ́ ni ó tún yọjú, tàbí kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó mi orí, ó ní: “Motherboard ti kú.” Ìdájọ́ ti jáde, a kò sì tíì gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kankan.

Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Ẹ̀rọ tí ó tàn, tí ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sójú, tí ó sì tún ṣí Windows àtijọ́, kò kú. Díìsìkì ni kò gbà, ìdí tí kò fi gbà á sì ṣeé wádìí.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni díìsìkì fúnra rẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso, tí àwọn ènìyàn ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dà bí fáìlì orin tàbí fọ́tò. Àwòrán odidi díìsìkì ni, tí a ká jọ sínú fáìlì kan. Ẹni tí ó bá dà á kọ sórí díìsìkì bẹ́ẹ̀, àpótí títì ni ó gbé fún kọ̀ǹpútà. Ètò tí ń tú àwòrán náà sórí díìsìkì ni ó yẹ kí ó lò, irú rẹ̀ sì ti wà nínú Windows láti ìgbà Windows 7. Kí a ṣí díìsìkì náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn: bí fáìlì .iso kan ṣoṣo bá ni ó wà níbẹ̀, a ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìwọ̀n pàápàá ń jẹ́rìí. DVD lásán kò gbà ju 4.7 GB lọ, àwòrán Windows 11 sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíláàṣì 8 GB ni ó yẹ ẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì ni BIOS tàbí UEFI, níbi tí a kọ ọ́ sí pé ibo ni kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ wò nígbà tí ó bá ń jí. Bí hard drive bá wà lókè, kò ní í bojú wo díìsìkì rárá. Bọ́tìnnì F2, F12, Esc tàbí Del, bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ṣètò rẹ̀, ni ó ń ṣí ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí pàápàá, díìsìkì Windows máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tẹ bọ́tìnnì kan. Bí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan, hard drive ni kọ̀ǹpútà yóò padà sí. Ẹ̀rọ mélòó ni wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú nítorí pé ọ̀gá yíjú sẹ́yìn ní àkókò náà?

Ẹlẹ́rìí kẹta ni Secure Boot, tí ó bá Windows 8 dé ní ọdún 2012. Aṣọ́nà ni: ètò tí kò bá ní òǹtẹ̀ tí ó mọ̀, kò ní í jẹ́ kí ó wọlé. Ìdí rere wà fún un, nítorí àwọn kòkòrò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń sá pamọ́ síbi tí ẹ̀rọ ti ń gbéra. Ubuntu àti Fedora ní òǹtẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ Linux kéékèèké kò ní in. Aṣọ́nà tí ó lé àlejò padà kò kú, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Onílé ni ó láṣẹ láti ní kí ó yà fún àlejò tí òun mọ̀, kí ó sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Àwọn kan yóò ní oníṣẹ́ kò lẹ́bi: iná kì í dúró, dátà wọ́n, oníbàárà sì ń kánjú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi owó ra motherboard tí kò nílò kò ní í rí owó náà gbà padà. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí wọ́n bá pa gbogbo ohun tí ó wà lórí hard drive rẹ̀ rẹ́ “kí ó lè gbà”: ìwé àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìṣirò oníṣòwò, fọ́tò òbí tí ó ti di olóògbé, gbogbo rẹ̀ wọ igbó.

Nítorí náà, kí oníbàárà má san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó dá fáìlì rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, kí wọ́n sì dán ẹ̀rọ náà wò níṣojú rẹ̀. Bí díìsìkì kan náà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjì, díìsìkì ni ó jẹ̀bi. Bí díìsìkì mìíràn bá sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú, adájọ́ ni ó jẹ̀bi.