Ẹ̀SÌN KỌ́ L'A Ó DÌBÒ FÚN! Ẹ BI WỌ́N LÉÈRÈ OWÓ EPO

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Fìdítì, ẹ̀yin oníṣòwò Ìlọrà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin onímọ́tò àti ọlọ́kadà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò, ẹ fetí sílẹ̀ o!

Àkókò ìbò tún ń bọ̀. Àwọn tí a kò rí sójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ìbò wa tán ti tún bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Wọn kò mú ìwé ìṣirò dání. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n mú dání l'ọ́jọ́ Jímọ̀, Bíbélì ni wọ́n gbé l'ọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá dé mọ́ṣáláṣí, wọn a ní, "Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ẹ má jẹ́ k'ó bọ́ lọ́wọ́ wa." Bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a ní, "Ẹ ṣọ́ra, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sìn wọn gba ilẹ̀ yìí." Ẹnu kan náà ni, fìlà ni wọ́n ń pààrọ̀!

Ẹgbẹ́ wa ń sọ ọ́ gbangba: ẹni t'ó bá ń fi ẹ̀sìn tọrọ ìbò, ó ní ìbéèrè kan tí kò fẹ́ kí ẹ bi òun.

Ẹ rántí ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún náà, Bọ́lá Tinúbú tí í ṣe Mùsùlùmí mú Kashim Shettima, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ṣe igbákejì. Ilẹ̀ yìí gbóná. Àwọn olórí ìjọ Kristi fárígá, àwọn Mùsùlùmí kan ní kò s'ẹ́ni t'ó lè yí i padà. Oṣù méje gbáko l'a fi jà lórí ibi tí ènìyàn méjì ń kọjú sí bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùdíje mẹ́ta t'ó gbajúmọ̀ jùlọ, Tinúbú, Atiku àti Obi, l'ó ti sọ pé àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ta l'ó ráyè bi wọ́n pé, "Èló ni epo yóò dà? Kí l'ẹ ó ṣe fún tálákà k'ó tó débẹ̀?" Ariwo ẹ̀sìn kò jẹ́ k'á bèèrè. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

A dìbò l'ọ́jọ́ 25, oṣù kejì, 2023. L'ọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọjọ́ ìbúra gan-an, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó 200 náírà di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù keje ó di 617. Kí ọdún 2024 t'ó parí, ó ti kọjá 1,000. Ṣé ilé epo bi ẹnikẹ́ni pé Mùsùlùmí ni àbí Kìrìsìtẹ́nì? Ṣé ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá mọ ẹni t'ó kírun? Ọkọ̀ t'ó ń gbé ọsàn Fìdítì lọ s'Íbàdàn, ṣé ó dín owó fún ẹni t'ó jókòó n'ílé Ọlọ́run?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí t'ẹ ní tiyín l'ó wọlé, ẹ gbọ́ eléyìí. L'ọ́dún 2023, bíi mílíọ̀nù mẹ́ta náírà l'ó gbé ènìyàn lọ sí Mẹ́kà. L'ọ́dún 2024, wọ́n kọ́kọ́ gba nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Nígbà tí ó yá, àjọ t'ó ń rí sí ètò Hajj tún ní kí àwọn t'ó ti sanwó lọ wá mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé díẹ̀ sí i, nítorí náírà ti wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là. Mùsùlùmí ni Ààrẹ, Mùsùlùmí ni igbákejì, Mẹ́kà sì jìnnà sí tálákà ju ti àtijọ́ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹ̀rù ń bà wá ni. Bí ẹlẹ́sìn wa kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò gbà wá?" Ìbéèrè gidi ni, a kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. L'ọ́jọ́ 5, oṣù kẹfà, 2022, wọ́n pa ènìyàn t'ó lé ní ogójì ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis l'Ọ́wọ̀. Pásítọ̀ ni igbákejì Ààrẹ l'ọ́jọ́ náà. L'ọ́jọ́ 28, oṣù kọkànlá, 2014, wọ́n ju bọ́ǹbù sí mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Kano, ọ̀pọ̀lọpọ̀ t'ó wá kírun l'ó kú. Mùsùlùmí ni igbákejì Ààrẹ l'ọ́jọ́ náà. Orúkọ t'ó jẹ́ ti ẹ̀sìn wa nínú ìjọba kò gba ọlọ́jà, kò gba onígbàgbọ́, kò gba onímàle. Ọlọ́pàá t'ó péye, owó ààbò tí a kò kó jẹ, ẹjọ́ tí a dá láìṣègbè, ìyẹn l'ó ń gba ènìyàn.

Àwọn baba wa mọ èyí. L'ọ́dún 1979, Awólọ́wọ̀ jáde fún Ààrẹ, ó mú Philip Umeadi ṣe igbákejì. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ayé ìgbà náà, tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀, kún fún Mùsùlùmí fọ́fọ́. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ìbò t'ó ti ibẹ̀ jáde, ó ju ọgọ́rin lọ t'ó jẹ́ tiwọn. Lẹ́mọ́mù dìbò fún un, ìyá Alhaja dìbò fún un. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́ ni wọ́n wò.

L'ọ́dún 1993 ẹ̀wẹ̀, Mùsùlùmí ni MKO Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni Kingibe igbákejì rẹ̀. Tofa t'ó bá a du ipò mú Kìrìsìtẹ́nì, Sylvester Ugoh. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá tú jáde fún Abíọ́lá. Ó ní ìbò t'ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, Tofa kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà. Kódà Abíọ́lá borí ní Kano, ilé Tofa. Ta l'ó wá fagi lé ìbò náà? Babangida, Mùsùlùmí bíi ti Abíọ́lá. Ẹ̀sìn kan náà kò gba Abíọ́lá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé àwa ọmọ wọn l'ó wá yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀sìn tàn?

Ẹ jẹ́ k'á wá sílé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin, gbogbo onímọ́tò wa l'ó mọ apá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Jonathan, Kìrìsìtẹ́nì, ṣe é tì. Buhari, Mùsùlùmí, lo ọdún mẹ́jọ, ó kúrò l'ọ́dún 2023 láì parí rẹ̀. Kòtò kò mọ ẹ̀sìn!

Òfin pàápàá dá wa láre. Ẹ̀ka 131 ìwé òfin ilẹ̀ wa ka ohun t'ó yẹ kí ẹni t'ó fẹ́ ṣe Ààrẹ ní: k'ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, k'ó ti pé ọdún 35, k'ẹ́gbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, k'ó kàwé dé ìwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀. Òfin ìdìbò tí wọ́n fọwọ́ sí l'ọ́dún 2022 kà á léèwọ̀, ní ẹ̀ka 92, pé kí ẹnikẹ́ni lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo ìbò. Kò yọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sílẹ̀ o: ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ lo eégún!

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Afijió, bí wọ́n bá wá bá yín, ẹ fún wọn l'ómi mu, k'ẹ́ ẹ sì bi wọ́n báyìí:

Èló ni lítà epo l'ọ́jọ́ t'ẹ gba ìjọba? Èló ni lónìí?
Ọ̀nà oko wo l'ẹ ṣe dé òpin?
Dókítà mélòó l'ó wà ní ilé ìwòsàn wa?
Kí l'ẹ ṣe tí ọsàn àti ìbẹ́pẹ kò fi ní máa jẹrà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́?

Ẹni t'ó bá dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rí, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni t'ó bá fi ẹsẹ Kùránì tàbí ti Bíbélì dáhùn owó epo, ẹ ṣe àmín fún àdúrà rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìbò yín gba ibòmíràn. Bí ẹni náà bá sọ pé ẹgbẹ́ tiwa l'ó rán òun, bákan náà ni k'ẹ́ ẹ ṣe fún un.

Nínú agbo ilé kan náà l'a ti ń jẹ ẹran iléyá, tí a sì ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Òṣèlú kan kò gbọdọ̀ pín ìkòkò wa sí méjì.

Ẹ gba káàdì yín, ẹ pa á mọ́, ẹ jáde l'ọ́jọ́ ìbò. Ẹ fi ẹ̀sìn sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ẹ gba ìṣirò lọ́wọ́ ènìyàn!