Ẹnì Kẹtàdínlógún: Ohun tí Ọ̀sẹ́ Túrá Kọ́ Wa nípa Ẹ̀tọ́ Ọmọ Onílùú



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn láti sọ láàrin ẹbí, ṣùgbọ́n Ifá kò kọ́ wa pé kí á máa fi òtítọ́ pamọ́ fún ara wa. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, bí ìdìbò gómìnà ti ń sún mọ́lé ní Èkó, ọ̀rọ̀ tàn ká pé Orò yóò jáde, pé kí àwọn kan jókòó sílé. Ohun tí ó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn kan láàrin àwa ẹlẹ́sìn gbọ́ ọ, inú wọn sì dùn. Wọ́n ní ó yẹ kí àlejò mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní olówó orí. Mo ronú lórí rẹ̀ títí, Odù kan ṣoṣo ni ó sì ń wá sí mi lọ́kàn: Ọ̀sẹ́ Túrá.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí yín. Àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá tún ilé ayé ṣe. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Àwọn ọkùnrin la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pa, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ṣe ètò ìlú. Wọn kò fi ti Ọ̀ṣun ṣe. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, kò sàn. Wọ́n rúbọ, ẹbọ kò dà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú wọn, wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ. Olódùmarè bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn, ó sì ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà. Ó ní bí ọmọ inú òun bá jẹ́ ọkùnrin, yóò máa bá wọn lọ sí òde. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, òun àti wọn kò tún ní í jọ ṣe nǹkan kan pọ̀ mọ́. Wọ́n fi àṣẹ sí i, ó sì bí ọkùnrin. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá, tí ó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run títí di òní. Ẹni tí a tì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni ó bí ẹni tí ń gbé ẹbọ gbogbo wa.

Ẹ wo iye wọn dáadáa: mẹ́rìndínlógún sí ẹyọ kan. Bí kíkà orí nìkan bá ni ìjọba àwaarawa, ẹjọ́ náà ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Olódùmarè kò ka orí. Ó bèèrè ẹni tí kò sí níbi ìpàdé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbò nìkan kò tó fún ìlú tí oríṣiríṣi ènìyàn ń gbé. Àwọn tí ó pọ̀ lè yan olórí. Wọn kò lágbára láti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò pọ̀.

Àwọn ará wa lókè òkun mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1987, Ernesto Pichardo àti àwọn ọmọ ìjọ Lukumi Babalu Aye fẹ́ kọ́ ilé ìsìn ní Hialeah, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ ìlú yára ṣe òfin tí ó ka fífi ẹran rúbọ léèwọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó di alápatà lọ́wọ́. Ìbò ni ìgbìmọ̀ náà fi ṣe òfin ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì wà lẹ́yìn wọn. Ìjọ náà pẹjọ́, wọ́n pàdánù ní ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, wọn kò sinmi. Ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdù ọdún 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá wọn láre, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì fẹnu kò lórí ìdájọ́ náà: ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe òfin láti fi dojú kọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo.

Nílé níbí, abala 10 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìlú. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sin ohun tí ó gbà gbọ́. Orí òfin yìí ni a dúró lé tí a fi ń bèèrè ọjọ́ ìsinmi fún Ìṣẹ̀ṣe. Orí rẹ̀ náà ni a dúró lé ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn kan ní Ìlọrin sọ pé ọdún Ìṣẹ̀ṣe kò gbọdọ̀ wáyé ní ìlú wọn. A ní ìyẹn kò tọ́, ó sì dájú pé kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà, ní abala 41, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní òmìnira láti rìn ní ilẹ̀ yìí. Obìnrin tí ń gbé ọjà lọ ní ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìgbò tí ń san owó orí ní Èkó wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi igbe Orò ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn ní ọjọ́ ìdìbò, ẹnu wo ni a ó fi sọ̀rọ̀ sí ará Ìlọrin?

Ẹnìkan yóò sọ pé àṣà àwọn baba wa ni, pé àlejò kì í ṣòfin fún onílé. Mo gbọ́. N kò sọ pé kí a pa Orò tì. Orò ni ìlú fi ń fọ ara rẹ̀ mọ́, kò sì yẹ kí a fi ṣeré. Ṣùgbọ́n a ò sọ Orò di ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, òru ni ó ń jáde, lẹ́yìn tí a bá ti kéde rẹ̀ tí àwọn ará ìlú sì ti gbọ́. Èyí bọ̀wọ̀ fún awo, ó sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀gbẹ̀rì. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹni tí ó mọ òwe yìí ni ó lè bá ẹlòmíràn gbé ìlú.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí ó dìbò kò ju nǹkan bí i mílíọ̀nù 25 lọ. Mélòó nínú wa ni ó gba káàdì tí ó sì lò ó? Mélòó ni ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rí, láti bèèrè ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀ṣe fún ọmọ rẹ̀ tàbí ààbò fún igbó òrìṣà? A kò lè jókòó sílé kí a máa sọ pé wọn kò fi ti wa ṣe. Ẹ jẹ́ kí á lọ jókòó sí àyè wa ní ìpàdé. Bí a bá sì débẹ̀, kí á wo ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí á lọ pè é wá.

Kí òjò má kọ̀ fún wa o. Kí ẹbọ ó fín, kí ẹbọ ó dà. Àṣẹ.