Kí Ni Igi Ń Mí ní Òru?

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Nàìjíríà, gbólóhùn kan ni a fi ń kásẹ̀ ẹ̀kọ́ ìpààrọ̀ atẹ́gùn nílẹ̀: ènìyàn ń fa ọ́síjìn, igi ń fa kábọ́nù dáyọ́kísáìdì. Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi há a sórí. Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò fi dá a padà nínú ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ gbólóhùn náà kò pé. Igi pẹ̀lú ń lo ọ́síjìn tọ̀sán-tòru, gẹ́gẹ́ bí ẹranko. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni ewé ń fi kábọ́nù dáyọ́kísáìdì pèsè oúnjẹ, tí ọ́síjìn tó ń tú jáde sì ń pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ. Ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní èdè abínibí rẹ̀ ni yóò tètè béèrè pé, "Kí wá ni igi ń mí ní òru?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì.

Àwọn kan a máa sọ pé èdè abínibí kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Ṣùgbọ́n "ọ́síjìn" kì í ṣe ọmọ bíbí Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè Gíríìkì ni Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yá, Haúsá, Ígbò àti Yorùbá lè yá a. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tó fún ìyókù: ihò wẹ́wẹ́ ara ewé, ihò ẹ̀gbẹ́ ikùn tata, awọ tútù ekòló, ẹ̀dọ̀fóró ewúrẹ́. Ẹja àrọ̀ tó ń yọrí gbé afẹ́fẹ́ mì nínú bàsíà ọlọ́jà ń kọ́ni ju àwòrán inú ìwé lọ.

Síbẹ̀, ìtumọ̀ lásán kò tó. Àyà tó ń lọ sókè-sódò ni "mí" ń mú wá sọ́kàn. Ewé kò sì ní àyà. Olùkọ́ tí a kò kọ́ láti ya mímí sọ́tọ̀ kúrò lára ìpààrọ̀ atẹ́gùn yóò kàn fi Yorùbá tan àṣìṣe kálẹ̀ ni.

Láti 1970, ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa ṣe aṣíwájú rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022, ó sì fagi lé e ní 2025. Ó yẹ kí a tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Kí ó tó di ìgbà náà, kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kankan gba ìwé ẹ̀rí láìlè ṣàlàyé ewé kan ṣoṣo ní èdè ìyá rẹ̀.