Bíìtì Rúta: Ẹ Má Ṣe Wo Owó Nìkan

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin tí ọkọ yín jẹ́ káfíńtà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ni mo bá wí lóṣù yìí. Rúta ni ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ọnà sí etí tábìlì. Bíìtì ni irin kékeré tí ń gé pákó lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Èyí tí a fi kábáídì sí lẹ́nu a máa mú pẹ́ ju ti irin lásán lọ. Kábáídì náà gbọdọ̀ nípọn, kí a lè tún un pọ́n. Kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo níbi tí a ti jó o mọ́ irin. Bí ó bá ní bíárìn, ẹ fi ìka yí i wò; kò gbọdọ̀ há.

Ẹ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí 1/2 íǹṣì kì í gbọ̀n tó ti 1/4 íǹṣì, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ bá ẹnu rúta yín mu rẹ́gí. Èyí tí kò bá a mu lè fò jáde, kí ó sì ba ojú jẹ́.

Owó tí a fi ra ojúlówó kì í ṣe òfò. A lè rí bíìtì mìíràn rà. A kì í rí ojú rà lọ́jà.