Ojúlówó Oògùn Náà Lè Ṣe Wá Léṣe

Ní oṣù Èrèlé 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba, nítorí ayédèrú oògùn. Iṣẹ́ tó yẹ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ewu oògùn kò mọ sórí ayédèrú. Ojúlówó méjì lè pàdé nínú ara kí wọ́n sì ba nǹkan jẹ́, simvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, sì wà lára wọn. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta simvastatin fún aláìsàn láìkọ́kọ́ béèrè pé: "Oògùn wo lẹ tún ń lò?"

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ simvastatin kó lè jáde lára. Clarithromycin àti erythromycin, oògùn apakòkòrò, máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ketoconazole oníhóró. Oògùn ọ̀rá á wá kún inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣan ara á máa dun ni. Bó bá le, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìtọ̀ á dúdú, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2011, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má lo simvastatin pọ̀ mọ́ àwọn oògùn mẹ́ta yìí, kí ẹni tó ń lo amlodipine má sì kọjá 20 mílígíráàmù simvastatin lójúmọ́. Amlodipine yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí wa ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn kan á ní irú ọ̀rọ̀ yìí á mú kí aláìsàn pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀: oògùn yìí ń dènà àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, jàǹbá tí mò ń sọ kò sì wọ́pọ̀. Bí a bá tètè béèrè, dókítà lè fi pravastatin rọ́pò rẹ̀, tàbí kó ní ká dá a dúró títí apakòkòrò á fi tán. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó ń ta páálí-páálí ní Ìdúmọ̀tà kò lè mọ ẹni tó máa gbé oògùn mì. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kó máa já sáṣẹ́ẹ̀tì kan fún aláìsàn. Ilé oògùn tí apòògùn wà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó dé ọwọ́ wa. Kí ìjọba sọ ọ́ di òfin pé kí olùtajà máa béèrè oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò, bó ṣe ń lé ayédèrú, kí àwa náà sì máa kó gbogbo oògùn wa dání lọ sílé oògùn. Abèèrè kì í ṣìnà, ìbéèrè náà kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.